Ọdún Mọ́kànlá Lórí Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Ọdún mọ́kànlá ni Delphia Gayheart fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ilé ìjọsìn wa, níbi tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ máa ń jókòó sí. Èmi wà lára àwọn tó na ọwọ́ sókè pé kó lọ síbẹ̀. Lacie ni orúkọ mi. Mo ti darúgbó báyìí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Delphia láti kékeré. Àfonífojì kan náà la dàgbà sí, láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky. Ilé tiwọn wà lápá òkè odò, tiwa wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rì wá bọmi nínú odò yẹn, nínú oṣù kejì ọdún, tí yìnyín ṣì wà létí omi. Nígbà tí Delphia jáde, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní, "Lacie, tí Olúwa bá gbọ́ bí eyín mi ṣe ń ké yìí, á mọ̀ pé mi ò wá ṣeré." Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó lè mú èèyàn rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú.

Ó fẹ́ Orbin, èmi fẹ́ Hobert. Àwọn ọkọ wa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú kékeré kan lẹ́yìn òkè. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún péré ló wà níbẹ̀. Estill ni ọ̀gá iṣẹ́ wọn, díákónì sì ni nínú ìjọ wa. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Òun ló gbẹ́ sàréè bàbá mi lọ́jọ́ tí yìnyín kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè jáde nílé. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin ọ̀dọ̀ wa, Orbin àti Hobert kò tíì wọ ìjọ. Wọ́n á tẹ̀ lé wa wá, wọ́n á jókòó lẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ń dúró de ìgbà tí Ọlọ́run máa pe àwọn.

Orbin kò dúró pẹ́ tó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún 1963, àjà ihò náà ya lulẹ̀, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n rí i gbé jáde. Hobert délé ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé ọpọ́n sílẹ̀ ní ilé ìdáná, mo ń fọ èédú kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ló bá di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "A sọ fún un, Lacie. Orbin fúnra ẹ̀ sọ fún Estill láàárọ̀ yìí pé àjà ń dún, pé kò sí òpó tá a máa fi gbé e ró. Ọjọ́ kẹrin rèé tí òpó ti tán. Estill ní ká wọlé, pé òpó ń bọ̀ lọ́la."

"Ta ló tún gbọ́?"

"Èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn. Má sọ fún ẹnì kankan o. Ọmọ márùn-ún la ní."

Mo ní mi ò ní sọ. Mo sì pa ìlérí yẹn mọ́ ju gbogbo èyí tí mo ṣe nínú odò lọ.

Ìjọba rán oníwàádìí méjì wá. Estill sọ fún wọn pé òun ti ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, pé Orbin ló ṣe orí kunkun. Hobert ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Delphia, ó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, pé òpó ti tán, pé Estill kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Kò fi kún un, kò yọ kúrò. Àwọn oníwàádìí ti ihò náà pa fún oṣù méjì.

Ẹ̀yin náà lè fojú inú wo oṣù méjì yẹn. Àwọn ọkùnrin ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìríṣẹ́ ṣe, àwọn obìnrin ń fi omi lú ọbẹ̀ kó lè pọ̀. Ó di pé tí Delphia bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ á dá. Obìnrin kan tiẹ̀ sọ ọ́ sókè, ó ní, "Àwọn kan wà tí òkú ọkọ tiwọn ò tó wọn, àfi kí wọ́n tún febi pa ọkọ oníyàwó." Delphia gbé kẹrosíìnì rẹ̀, ó kí gbogbo wọn pé wọ́n kú ọ̀sán o, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo wà níbẹ̀. Mo ń yẹ ìyẹ̀fun wò bíi pé mi ò rí ìyẹ̀fun rí.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ìjọ wa ń pàdé, ọjọ́ Sátidé fún ọ̀rọ̀ ìjọ, ọjọ́ Àìkú fún ìjọsìn. Ní Sátidé oṣù karùn-ún, Estill dìde. Kò bínú. Ó ní Arábìnrin Delphia ti fẹjọ́ arákùnrin sun ìjọba láìkọ́kọ́ wá bá a nílé gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ ṣe wí, àti pé irọ́ ló pa mọ́ òun.

Alàgbà Burl ló ń darí wa nígbà yẹn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì fẹ́ràn Delphia bí ọmọ. Ó yíjú sí i.

"Arábìnrin Delphia, ẹ kàn sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ìbànújẹ́ ló dé bá yín, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ká gbàgbé ẹ̀, ká kọrin, ká lọ jẹun."

"Alàgbà, ohun tí Orbin bá mi sọ nídìí tábìlì ni mo sọ."

"Ó lè jẹ́ pé ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń gbọ́ ọkùnrin yẹn, sà. Ó lè kó búrẹ́dì àgbàdo kún ẹnu, màá ṣì gbọ́ ọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé e mì.

"Ṣé ẹ ò wá ní tọrọ àforíjì ni?"

"Tí mo bá ní mo parọ́, ìgbà yẹn gan-an ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá parọ́. Nínú ilé Olúwa pàápàá."

Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni wà láàárín ọmọ ìjọ tó mọ ohun mìíràn nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò lè sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wa. Hobert wà lẹ́yìn, ó gbé fìlà lé orúnkún. Nínú gbogbo àwọn tó lè lanu lọ́jọ́ yẹn, yàtọ̀ sí Estill, èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo wo bàtà mi. Okùn ti ẹsẹ̀ òsì ti já, mo sì ti so ó pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fún mi ní bírò lónìí, mo lè ya kókó okùn yẹn fún yín.

Alàgbà ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn pé ká yọ ọ́ nínú ìjọ na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Mo na tèmi.

Delphia mú àpò rẹ̀, ó dìde. Gbogbo wa rò pé ilé ló ń lọ. Nígbà tó dé ìdí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, ó dúró, ó sọ fún àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ pé, "Ẹ sún díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti ní àlejò." Ó sì jókòó. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lo dùùrù. Ẹnì kan á sọ ìlà orin, àwa tó kù á fà á gùn. Ohùn Delphia ló máa ń di ti àwa obìnrin mú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ni ohùn náà ti ń wá, àwa tá a wà níwájú kò sì mọ ibi tá a máa di orin náà mú sí.

Mo rò pé kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ tí á fi sú u. Oṣù mẹ́ta kọjá, ó ń wá. Ìgbà òtútù dé, ó ń rìn gba orí òkè wá, ó so àpò ìdọ̀họ mọ́ bàtà kó má bàa yọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kọ̀ọ̀kan la máa ń jẹ Oúnjẹ Olúwa, tí a ó sì wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń wẹ ti ara wa tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn, ìyàwó Estill ni mo kúnlẹ̀ fún. Delphia wà lẹ́yìn, ó ń bá wa kọrin. Ó kọ gbogbo orin náà parí.

Pásítọ̀ ìjọ kan nílùú gbọ́, ó wa mọ́tò wá bá a, ó ní àwọn ṣe tán láti máa wá gbé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Delphia fún un ní kọfí, ó dúpẹ́, ó ní òun ò lọ. Àwọn kan bi í bí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣe rí. Ó ní, "Ibẹ̀ dáa. Èèyàn ò ní gbọ́ ju ìdajì ìwàásù Alàgbà lọ." Ẹ̀rín náà ló ń jẹ́ ká lè máa ṣe bíi pé ara rẹ̀ le. Mo mọ̀ báyìí pé ó ń fi ràn wá lọ́wọ́ ni.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ruthanne. Nígbà tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ríṣẹ́ ní Cincinnati, ó sì fẹ́ kí ìyá òun tẹ̀ lé òun. Mo gbé ẹyin lọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn, mo bá wọn níwájú ilé.

"Màmá, ìjọ pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ yín."

"Ohun tí mi ò fẹ́ nìyẹn. Níbí, wọ́n mọ̀ mí."

"Wọ́n mọ̀ yín, wọ́n sì lé yín!"

"Wọn ò lé mi. Wọ́n kàn yí ìjókòó mi padà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣàwàdà. Kí lẹ tiẹ̀ ń wá níbẹ̀ gan-an?"

Delphia yíjú sí ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run. Kò tíì sọ fún mi pé òun ti tú mi sílẹ̀."

Ruthanne wò ó, ó wá yíjú sí èmi tí mo gbé agbọ̀n ẹyin dání. "Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí, Màmá," ló sọ. "Èmi ò ṣe." Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ẹtì. Àwa pè é ní agídí èwe.

Ní ọdún kẹrin tí Delphia ti ń jókòó lẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò lè gbé nǹkan. Delphia ń wá láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń se ẹ̀wà, ó ń fọṣọ, ó ń di irun àwọn ọmọbìnrin mi. Lọ́jọ́ kan, ó ń ká aṣọ ibùsùn, ni mo bá bi í pé, "Delphia, kí ló dé tó o fi ń ṣe èyí fún mi?"

"Aṣọ yín dọ̀tí ni."

"Mi ò ṣeré o."

Ó fi aṣọ náà lé orí àga. "Mo mọ̀ pé o mọ̀, Lacie."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn. Gbogbo wọn ló ń wò mí. Ìwọ nìkan lò ń wo bàtà."

"Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́?"

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́ tàbí kó o má sọ ọ́. Mo mọ iye ọmọ tó wà lọ́rùn yín. Ṣùgbọ́n má rò pé kò dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹsẹ̀ mi á ní ká padà sílé, èmi á ní ká lọ. Bá a ṣe máa jà nìyẹn títí dé ẹnu ọ̀nà." Ó tún mú aṣọ náà. "Sún, jẹ́ kí n tẹ́ ẹ."

Mo ṣèpinnu lórí ibùsùn yẹn pé tí mo bá ti lè rìn, màá dìde nínú ìpàdé. Mo rìn. Ṣùgbọ́n àyà Hobert ti ń dùn ún nígbà yẹn, Estill sì ti fún un níṣẹ́ tó rọrùn níta ihò. Mo ní kí n dúró kí ara rẹ̀ le díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ní kí n dúró kí àbíkẹ́yìn wa jáde níléèwé. Gbogbo ìgbà ni nǹkan wà tí mo fẹ́ dúró dè. Ọdún méje mìíràn lọ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹni tó wá sọ ọ́ kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ní ọdún 1974, èédú ti tán nínú ihò náà, wọ́n ti pa á tì, Hobert ò sì lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé láìdúró mí. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ, láàárín orin, ó dìde lẹ́yìn, ó ń di bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan mú títí ó fi dé iwájú. Omijé bọ́ lójú mi, torí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá wọ ìjọ. Ó ní òun fẹ́ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù kan wà lọ́rùn òun tí kò ní jẹ́ kí òun wọ omi. Ó kọjú sí Estill.

"Arákùnrin Estill, mo wà níbẹ̀. Orbin ní òpó ò sí. O ní ká wọlé, pé ọ̀la ló ń bọ̀. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò gbọ́. Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Èmi ni mo parọ́."

Ikọ́ gbà á. Estill ti di àgbàlagbà tó ti hewú lórí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Alàgbà Burl mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn sí i.

"Arábìnrin Delphia, a ti ṣẹ̀ yín."

"Ẹ ṣẹ̀ mí lóòótọ́, sà."

"Ṣé ẹ máa padà wá bá wa?"

"Níbo ni mo lọ, Alàgbà?"

A tún na ọwọ́ sókè. Wọ́n mú un wá síwájú, Estill wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gba ọwọ́ náà. Àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ń yin Olúwa, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Nígbà tá a ń lọ sílé, mo bi Delphia bó ṣe rí lára ẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti dé ọ̀dọ̀ Estill. Ọkàn mi ṣì wà lójú ọ̀nà. Á dé."

Kò sẹ́ni tó bi èmi ní ìbéèrè kankan. Hobert kò dárúkọ mi. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Tìẹ lo máa sọ fúnra ẹ." Ó kú kí ọdún tó yí po, ó ti wọ omi, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìgbà ìkórè ọdún 1974 yẹn ni mo tó lọ bá Delphia. Ó ń bó ẹ̀wà níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

"Dìde, eruku wà níbẹ̀," ló sọ. "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́, ó tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó máa ń padà wá ni, màá sì tún un ṣe."

"Ṣé a lè padà sí bá a ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

Ó wò mí. Kì í parọ́, mo sì yẹ kí n ti mọ̀. "Rárá, Lacie. Ìyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n jókòó, ẹ̀wà ṣì pọ̀."

Mo jókòó. A jọ bó o tán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà fún ọdún mẹ́ta, a ń kí ara wa, a ń ran ara wa lọ́wọ́, a tún ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa ní oṣù kẹfà. Ó ń ṣàwàdà fún mi bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún mi. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Òtútù àyà ló pa á. Ruthanne dé láti Cincinnati. Bí àwa obìnrin ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe, mo gbé omi àti aṣọ lọ kí n lè bá a múra fún òkú náà. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ ṣeun, Áńtí Lacie. Èmi nìkan máa ṣe é."

Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi. Bó ṣe rí nìyẹn." Kò gbé ohùn sókè. "Èmi ò tíì lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè."

Mo gbé omi náà padà sí ilé ìdáná. Níbi ìsìnkú, nígbà tá a ń gbàdúrà, ó dúró, ojú rẹ̀ là, ó ń wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn kan bi í bóyá ó ń lọ sílé ìjọsìn lọ́hùn-ún. Ó ní òun ò wọ ọ̀kankan láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé, òun ò sì ní wọ̀ ọ́, pé òun ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àwọn ọmọ ìjọ fẹ́ràn láti máa sọ bí Delphia ṣe fara dà á. Àwọn ọ̀dọ́mọdé tí kò mọ̀ ọ́n pàápàá ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò kì í lè jókòó ti ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Òótọ́ ni, kò yẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ro ti Ruthanne, ọmọbìnrin ẹ̀, tó ń wò wá láwọn ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá péré, ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bóyá à bá ti pàdánù iṣẹ́ lóòótọ́, bóyá ebi ì bá ti pa wá. Ebi ti pa wá rí, a ò kú.

Mo máa ń kọ lẹ́tà sí Ruthanne ní gbogbo Kérésìmesì. Mi ò wàásù fún un, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo kàn ń sọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, bí odò ṣe kún tó. Ó fèsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú káàdì kékeré kan. Ó ní òtútù mú lọ́dọ̀ àwọn, pé wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń gé koríko orí sàréè àwọn òbí òun.

Mo kọ̀wé padà pé èmi ni mò ń gé e. Mi ò fi nǹkan mìíràn kún un.